Ìbéèrè Tí Motúnráyọ̀ Gbé Mì

Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti ń gbé ní Soundview, ní Bronx l'Amẹ́ríkà, tí mo sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin 6 lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. N kò tíì rí ìpolówó kan lára ògiri ọkọ̀ náà tó sọ òtítọ́ délẹ̀. Tàwọn lọ́yà ń purọ́, tàwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ń purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó mú Motúnráyọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́, irọ́ tirẹ̀ kò tó tàwọn yòókù. Obìnrin dúdú kan ló wà nínú àwòrán náà, ó wọ aṣọ ilé ìwòsàn, eyín rẹ̀ funfun báláú, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oṣù mẹ́fà péré ni ayé ẹni fi ń yí padà. Ayé Motúnráyọ̀ yí padà lóòótọ́. Oṣù mẹ́fà náà kò tiẹ̀ pé.

Inú ilé mi ló ń gbé, nínú yàrá tí ọmọ mi Démi fi sílẹ̀ nígbà tó kó lọ sí Atlanta. Susan lorúkọ mi, ṣùgbọ́n àwọn ará ọ́fíìsì nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Bronx, Màmá Démi ni wọ́n mọ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni Motúnráyọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì fọ abọ́ tán, á gbé e sókè sójú iná, á yí i wò bóyá ó mọ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń bi í pé ta ló fẹ́ fi abọ́ ọbẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Ibi tí ìwà yẹn ti wá ni pé ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkirè kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Òun ló ń fọ ìgò, òun ló ń wọn kẹ́míkà, òun ló ń nu maikirosíkóòpù kan ṣoṣo tí wọ́n ní, tó sì ń tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù kó tó lọ sílé. Níbí, ọdún mẹ́fà ló ti fi ń wẹ àwọn arúgbó, tó ń pààrọ̀ aṣọ fún wọn nínú ilé wọn. Kò fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ náà, èmi náà iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fún mi pé, "Màmá Démi, mo fẹ́ padà sídìí maikirosíkóòpù kí n tó kú." Ohun tó ń fẹ́ láyé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú ìpolówó náà wà lórí àjà kẹrin, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ ọ́ ní Yunifásítì Orí Bẹ́ẹ̀dì, inú bí i sí mi fún odindi ọjọ́ kan. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ gbígbà lára aláìsàn fún àyẹ̀wò, wọ́n á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí yẹn ló máa fi wọ ètò ọlọ́dún méjì tó wà nílé ẹ̀kọ́ kan náà, ti dìgírì iṣẹ́ àyẹ̀wò, ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá jẹ́ kó jókòó sídìí maikirosíkóòpù. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ló wí fún mi. Mo ní kó rọra da á, kó má fẹsẹ̀ ara rẹ̀ yọ̀.

Tísà rẹ̀ ń jẹ́ Danielle, ọmọ Bronx níbí, tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ gbígbà nílé ìwòsàn fún ọdún mẹ́wàá kó tó wá ń kọ́ni. Ó le, ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹrorò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ fún kíláàsì pé orúkọ òun ni kí wọ́n máa pe òun. Ahọ́n Motúnráyọ̀ kò gbé e.

"I'm thirty-three, Motún," ni Danielle wí fún un. "Don't ma me."

"Yes, ma," ni Motúnráyọ̀ dáhùn.

Nígbà tí wọ́n kúrò lórí ọwọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń kọ́ wọn, apá mi ló kàn. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, àfi pé apá tèmi ni Motúnráyọ̀ ń ra ẹ̀kọ tirẹ̀ sí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì dúdú bí ẹni pé ẹnìkan nà mí. Obìnrin tí mò ń tọ́jú lẹ́nu iṣẹ́ tiẹ̀ bi mí bóyá ọkọ mi ti padà dé. Ṣùgbọ́n Motúnráyọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ẹ̀kọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ á wọlé, á jáde, n kò ní mọ̀.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni Danielle fi ń dẹ́rù bà wọ́n. Ìbéèrè méjì ni. Kó o tó fọwọ́ kan aláìsàn, bi í: kí ni orúkọ rẹ, ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ? O kò gbọdọ̀ bi í pé ṣé ìwọ ni lágbájá, nítorí ẹni tí àìsàn ti gba okun lára rẹ̀ á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, wo bándì tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, kó o fi wé orúkọ tó wà lára bébà pélébé tí o máa lẹ̀ mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá lẹ orúkọ ẹlòmíràn mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan, ọjọ́ náà ló máa kúrò nílé ẹ̀kọ́. Òfin ni, gbogbo wọn ló sì buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Motúnráyọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun fi mí dánra wò nínú kíṣìnì. Mo jókòó, mo na apá. Ó tẹ eékún díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, what is your name?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo ní, "Motún, tó o bá dé ọ̀dọ̀ àgbà Yorùbá, má dán ìyẹn wò o. Wọ́n á ní, 'Orúkọ ta? Ṣé ìwọ lo sọ mí lórúkọ ni?'"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ iye ìgbà tí mo ti bú ara mi nítorí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn.

Lóṣù kẹwàá ọdún, nígbà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, wọ́n rán an lọ sílé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Bronx pé kó lọ fi iṣẹ́ náà kọ́ra lára aláìsàn gidi. Ọgọ́fà wákàtí ni. Ó ń sàmì sí wákàtí kọ̀ọ̀kan lára kàlẹ́ńdà tí mo gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ fíríìjì. Ó ti ṣe mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún nígbà tó bá Màmá Rìnsọ́lá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Màmá Rìnsọ́lá jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan náà ni gbogbo wa ń lọ, ìjókòó kejì lápá òsì sì ni tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀ bí wọn kò bá tíì dé. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí Motúnráyọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ rìn nínú yìnyín, àwọn ni wọ́n bọ́ síkáàfù ọrùn wọn, tí wọ́n sì fi wé e lọ́rùn. Rìnsọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń gbé ní Cambria Heights pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo fi mọ̀ wọ́n, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní nǹkan mìíràn. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá wá, Màmá Rìnsọ́lá ni. Bí wọ́n bá mú ìrẹsì wá fún ìkórè, Màmá Rìnsọ́lá ni a ń kọ sára àpò rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì ni Motúnráyọ̀ wọ̀. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ sọ pé Florence Williams ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà, pé Violet Coker ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ojú fèrèsé. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni pé àwọn nọ́ọ̀sì ti pààrọ̀ wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kò gbé e dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà ló sì sún mọ́ ọn. Florence Williams, obìnrin ará Guyana, ni wọ́n gbé lọ sójú fèrèsé, wọ́n sì ti tún tì í lọ ya àwòrán àyà. Bẹ́ẹ̀dì ojú fèrèsé ṣófo. Lórí bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà, Màmá Rìnsọ́lá ló jókòó.

"Ta ni mò ń wò yìí? Motún! Ṣé ìwọ náà ti di dókítà ni?"

"Rárá mà. Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ gbà mà."

"Gbà á, ọmọ mi. Tìẹ ni. Àwọn ti àná yẹn fẹ́ẹ̀ yọ apá mi dànù."

Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣàdúrà fún un, pé iṣẹ́ náà á gbè é, pé ojú kò ní tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Motúnráyọ̀ ń ṣe àmín. Ó wo bébà pélébé: Williams, Florence. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ Williams kan? Williams, Cole, Coker, Johnson, orúkọ àwọn ìdílé Èkó ni gbogbo wọn. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, à, ọmọ Èkó ni Màmá wa, Florence ni wọ́n ń jẹ́. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé òun mọ̀ ọ́n. Bándì wà lọ́wọ́ kejì Màmá, lábẹ́ aṣọ ìbora. Kò ṣí i.

"Ìbéèrè yẹn dé ẹnu mi, Màmá Démi," ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. "Ó dé ẹnu mi. Wọ́n ṣì ń gbàdúrà fún mi lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò wọ́n lójú kí n ní what is your name? Àwọn tó fún mi ní síkáàfù? Mo gbé e mì."

Ó gba ẹ̀jẹ̀ náà, kò dùn wọ́n. Ó lẹ orúkọ Florence Williams mọ́ ìgò rẹ̀. Ní ti Violet Coker, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn náà kò sí ní bẹ́ẹ̀dì.

Kíndìnrín ló ń yọ Màmá lẹ́nu. Pòtásíọ̀mù, irú iyọ̀ kan tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, ti ga lára wọn débi pé ó lè dá ọkàn dúró. Àyẹ̀wò rí i. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, èsì ti jáde, ṣùgbọ́n orúkọ Florence Williams ló gbé jáde. Florence Williams tí kò ní àìsàn kíndìnrín ni wọ́n sáré fún lóògùn. Màmá Rìnsọ́lá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà, àwọn nọ́ọ̀sì ń retí ẹni tó máa wá gba ẹ̀jẹ̀ tí Motúnráyọ̀ ti gbà. Kí dókítà kan tó fura, kí wọ́n tó tún ẹ̀jẹ̀ gbà, agogo mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá, ọkàn Màmá sì ti ń lù ségesège. Wọ́n sáré tì wọ́n lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tí ara wọn kò yá rárá.

Lọ́jọ́ kejì, Danielle ránṣẹ́ pe Motúnráyọ̀ sí ọ́fíìsì. Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀. Kì í ṣe bó ṣe tẹ eékún díẹ̀ fún mi ní kíṣìnì, eékún méjèèjì ló fi kanlẹ̀, nínú ọ́fíìsì tí ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, tí gbogbo kíláàsì ń wò ó. Ẹ̀rù ba Danielle.

"Get up. Motún, please, get up. Just tell me why you didn't ask."

"I know her, ma."

"Okay. What's her name?"

Motúnráyọ̀ wolẹ̀. "Mama Rìnsọ́lá."

"Rinsola is the daughter. It's right here. What's the patient's name?"

"We don't call them by name, ma. They are old."

"They who?" ni Danielle béèrè. "It was one patient."

Kí ni Motúnráyọ̀ máa sọ? Báwo ló ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé "wọ́n" fún ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n pe òun ní mà? Mo mọ̀ pé Danielle kò burú, nítorí kò lé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun máa bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́. Bí aláìsàn náà bá jáde láìsí ewu, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ kó tún ẹ̀kọ́ náà ṣe láti Jánúárì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Báyìí ni wọ́n ṣe so ìwé ẹ̀rí Motúnráyọ̀ mọ́ ẹ̀mí Màmá Rìnsọ́lá. Ó gbààwẹ̀. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń wẹ àwọn arúgbó rẹ̀, ó ń bọ̀ wálé, kì í jókòó. Ó ní òun fẹ́ lọ bá Rìnsọ́lá, kí òun sọ fún un pé òun ni. Èmi ni mo ní kó panu mọ́, pé ilé ìwòsàn ní ẹnu tiwọn, kí ló kàn án? Lọ́jọ́ karùn-ún, mo bá a nínú kíṣìnì, ó dúró ti kàlẹ́ńdà.

"Mo fẹ́ kí Màmá yè, Ọlọ́run gbọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní kí Ó dá wọn sí, January ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Màmá Démi, mi ò mọ ẹni tí mò ń gbàdúrà fún mọ́."

Mo jágbe mọ́ ọn pé kó lọ jẹun. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí àwọn nọ́ọ̀sì tó pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, sí Danielle, sí Florence Williams ará Guyana tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì yẹn ni inú ń bí mi sí jù lọ, ṣùgbọ́n Motúnráyọ̀ ni mo rí jágbe mọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Màmá kú. Dókítà sọ fún Rìnsọ́lá pé ó pẹ́ tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́, pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ náà bí wọn kò bá tiẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú wọn. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ló lẹ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn mọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Rìnsọ́lá sọ ọ́ fún ìyàwó pásítọ̀, ẹnu ìyẹn la ti gbọ́. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́jọ́ Ajé, ìlà mẹ́rin péré: Motúnráyọ̀ kò lè forúkọ sílẹ̀ mọ́ fún ètò ìwé ẹ̀rí tàbí dìgírì kankan tó jẹ mọ́ ìlera níbẹ̀. Ó kà á, ó ká a, ó fi sínú báàgì. Lẹ́yìn náà, ó fọ abọ́ tó wà nílẹ̀. Kò gbé ìkankan sójú iná.

Mo ní kó má lọ síbi ìsìnkú náà. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ dúdú, kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Ó wé síkáàfù Màmá mọ́ ọrùn.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà. Rìnsọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló ń pín ìwé ètò ìsìn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé e dé ìlú yìí, Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ohùn òkè, kò ní ohùn ìsàlẹ̀. Bó ṣe rí Motúnráyọ̀, ó dì mọ́ ọn.

"Aunty Motun! Mommy told everybody. 'Omo church mi lo gba eje mi, ko dun mi rara.' The nurses got tired of hearing it. E se gan, ma."

Ìwé ètò ìsìn tí Rìnsọ́lá fi lé e lọ́wọ́ ni Motúnráyọ̀ ń wò. Èmi náà wo tèmi. Àwòrán Màmá wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Violet Moyọ̀sọ́rẹ Coker. A bí wọn lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, ọdún 1941. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì wà níbẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé Moyọ̀sọ́rẹ ni wọ́n ń jẹ́. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìwé ìsìnkú la fi ń mọ orúkọ àwọn àgbà wa.

"Rìnsọ́lá," ni Motúnráyọ̀ wí, "mi ò bi wọ́n lórúkọ."

"Who, mommy?" Rìnsọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Why would you ask? E mo mommy now."

"Mi ò mọ̀ wọ́n." Ó fi ìka lé orí orúkọ náà. "Mi ò gbọ́ orúkọ yìí rí. Orúkọ ẹlòmíì ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn."

Mo fà á láṣọ. Ó ti pẹ́ jù. Mo rí Rìnsọ́lá bó ṣe ń kó ọ̀rọ̀ náà jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ọ́ di òyìnbó nínú orí rẹ̀.

"The student," ló wí.

"Èmi ni."

Rìnsọ́lá na ọwọ́, ó gba ìwé ètò ìsìn náà padà lọ́wọ́ Motúnráyọ̀, ó dá a padà sáàárín àwọn tó kù lápá rẹ̀, ó sì yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn wa, ó kí i pé ó ṣeun tó wá.

A lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n ní ká dìde fún orin àkọ́kọ́, mo na ìwé tèmi sí Motúnráyọ̀ ká jọ máa wò ó. Kò gbà á. Wọ́n ń kọrin, òun kò kọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ètè rẹ̀ ń mì, mo sì tẹ́tí sí i: orúkọ Màmá ló ń sọ, àti ọjọ́ ìbí wọn, orúkọ àti ọjọ́ ìbí, léraléra, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́.